Ẹdun Tí A Rán Lọ Bímọ ní Èkó

Ẹni tó bá ní Èkó kì í ṣe òkèèrè, ẹ jẹ́ kó wá sọ ọ́ lójú mi. Ará Kétu ni mí. Tí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé Kétu tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mile 12?" Rárá o. Kétu ti Kùtọnu ni mò ń wí, Kétu Alákétu, ìlú tó ti lọ́ba kí ẹnikẹ́ni tó pa ààlà sáàárín àwa àti yín. Yorùbá ni mo bá lẹ́nu ìyá mi. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu ní Mushin, tí mo ní kí obìnrin kan fún mi lómi mu, ńṣe ló ké sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá gbọ́ bí Ègùn ṣe ń sọ Yorùbá. Mo ní èmi kì í ṣe Ègùn. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ bí? Jọ̀ọ́, tún un sọ!" Wọ́n rín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mi ò mu omi náà mọ́.

Ká ní òyìnbó ni wọ́n ń sọ ni, ǹ bá mọ̀ pé àlejò ni mí, ǹ bá sì fọwọ́ wọ́nú bí àlejò. Ṣùgbọ́n kéèyàn dé ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè rẹ̀, kí wọ́n wá fi èdè yẹn kan náà tì í síta, ìyẹn le ju òkè òkun lọ. Nígbà tí inú bá bí mi láyé ìgbà yẹn, Faransé ló máa ń já bọ́ lẹ́nu mi. Wọ́n á tún pariwo pé, "Ṣé ẹ rí i? A sọ fún yín!"

Kì í ṣe pé mo wá owó wá sí Èkó. Ẹdun méjì ni mo tẹ̀ lé wá.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ẹdun àfi nínú oríkì ìbejì, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ìbátan ọ̀bọ ni, ó dúdú, ìrù rẹ̀ gùn, ó sì funfun, itan rẹ̀ náà funfun. Orí igi gíga ló ń gbé, kì í fẹ́ fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Ọdẹ ni bàbá mi, ṣùgbọ́n ìbejì ni ìyá mi kọ́kọ́ bí fún un, bàbá ìbejì kì í sì í yìnbọn fún ẹdun. Kò ní pa á, kò ní jẹ ẹ́, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n sè é nínú ìkòkò ilé rẹ̀. Nígbà tí àwọn agégẹdú wọ igbó wa, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi ńláńlá, igi kan wó tòun ti àwọn ẹdun tó wà lórí rẹ̀. Méjì ló kù láàyè, akọ kan, abo kan. Bàbá mi kó wọn wálé. Èmi ni mò ń já ewé fún wọn títí ara wọn fi yá.

Ìgbà yẹn ni Ẹ̀gbọ́n Táyé dé láti Èkó. Ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mọ àgbà bọ̀wọ̀ fún. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún bàbá mi nínú erùpẹ̀, tòun ti aṣọ funfun tó wọ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹdun tó kù nínú igbó yín ò pọ̀ mọ́. Ọdún díẹ̀ sí i, orúkọ wọn nìkan ni yóò kù. Ẹ fún mi ní méjì yìí. Mo ní ọgbà ẹranko ní Surulere, ìbọn ò lè bá wọn níbẹ̀. Wọ́n á bímọ, a ó tọ́ ọmọ náà, a ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú igbó, a ó sì dá a padà síbí yìí. Tẹ́ ẹ bá ti rí mẹ́ta mẹ́rin báyẹn, igbó yín á tún kún."

Bàbá mi wò ó títí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi í. Ó ní, "Kí ni wọ́n ń pè ọ́?"

"Táíwò ni, Bàbá. Kẹ́hìndé mi wà ní Lọ́ńdọ̀nù."

Ó parí. Bàbá mi ò béèrè onídùúró, kò ní kó búra, kò pe ọba sí i. Lójú tiwa, ìbejì ò lè da ẹdun, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ó pe àwọn ọdẹ abúlé jọ, ó sọ fún wọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ìbọn wọ apá igbó tó wà létí odò títí àwọn ọmọ ẹdun yóò fi padà wálé. Wọ́n kùn díẹ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹran wà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà fún un. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ lo mọ ewé tí wọ́n ń jẹ. Tẹ̀ lé wọn lọ."

Bí mo ṣe di ará Èkó nìyẹn.

Ọgbà náà ò tóbi tó bí ẹnu Ẹ̀gbọ́n Táyé. Ẹ̀yìn ilé ńlá kan ní Surulere ni. Ọ̀ọ̀nì méjì wà níbẹ̀, àti ìjàpá, àti àwọn ẹyẹ, àti kìnnìún arúgbó kan tó ń sùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń wá wo ẹranko. Ẹ̀gbọ́n Táyé á dúró níwájú àwọn ẹdun mi, á ní, "Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹran àwòṣeré o. Irúgbìn ni wọ́n. À ń gbìn wọ́n síbí, inú igbó la ó ti kórè wọn." Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́, èmi náà á pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn wọn.

Yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìjàpá ni wọ́n fún mi. Lálẹ́, ariwo ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò mẹ́rin ló máa ń wọlé sí mi létí. Mi ò mọ ẹnì kan. Bí mo bá sì sunkún, ẹdun nìkan ló máa ń yọjú wò mí.

Iṣẹ́ mi ni ewé. Ẹdun kì í jẹ búrẹ́dì, kì í sì í jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n bíi ti àwọn ọ̀bọ yòókù. Ewé tútù ni oúnjẹ rẹ̀, ọ̀mùnú rẹ̀ gan-an. Inú rẹ̀ dà bíi ti ewúrẹ́, oúnjẹ máa ń pẹ́ níbẹ̀ kó tó dà. Bí ẹ bá fún un ní nǹkan dídùn, inú náà á wú, á máa wú ni, títí ẹ̀mí á fi bọ́. Mo sọ èyí fún Ẹ̀gbọ́n Táyé lọ́jọ́ tí a dé, ó sì ní òun ti mọ̀ ọ́n nílé ìwé.

Ẹ wá sọ fún mi, níbo lèèyàn ti ń rí ewé tútù ní Surulere? Mo so dòjé mọ́ orí ọ̀pá gígùn kan, mo ń rìn kiri. Mo já ewé ọdán lẹ́yìn ilé ìwé kan ní Yaba. Mo já ewé fúrúùtù létí ojú irin ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta títí dé Ọ̀yìngbò. Mo já ewé ìṣin nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Yaba náà tí bàbá tó ń tọ́jú ibẹ̀ kọ́kọ́ lé mi bí olè. Ó ní, "Ta ló rán ọ wá já ewé wa? Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Mo ní ẹdun fẹ́ jẹ ẹ́. Ó wò mí, ó ní, "Ẹdun ní Yaba? Orí ẹ ò pé." Mo fa fóònù yọ, mo fi abo náà hàn án bó ṣe ń jẹ ewé ìṣin tó tibẹ̀ wá. Láti ọjọ́ náà, òun fúnra rẹ̀ ló ń bá mi tẹ ẹ̀ka sílẹ̀.

Wọ́n sọ mí ní Àǹtí Eléwé. Àwọn obìnrin á dá mi dúró lọ́nà pé kí n fún wọn léwé ibà. Ọ̀kan ní Mushin ní òun fẹ́ ewé tí ọkọ òun á fi máa sùnlé. Mo ní, "Màmá, ewé ẹdun ni mo ní. Tí ọkọ yín bá jẹ ẹ́, orí igi ló máa lọ sùn." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí ohun tí mo sọ ni wọ́n ń rín. Inú mi dùn délé. Ó yé mi pé mo ti ń rí ẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìgbà kan wà tí mo rìn dé ẹ̀bá Makoko, níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú. Ìtì igi ńláńlá sùn lórí omi lọ bẹẹrẹ, òórùn oje wọn gba gbogbo ibẹ̀ pọ̀ mọ́ èéfín ẹja. Mo dá wọn mọ̀. Mi ò sọ pé igbó tiwa gan-an ni wọ́n ti gé wọn, ṣùgbọ́n irú igi wa ni. Mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo ń rò ó pé gbogbo wa ni Èkó ń gbé wá, èmi, igi, ẹdun. Mo sọ fún ara mi pé tiwa yàtọ̀, nítorí àwa ń padà lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló jẹ́ kí n lè gbé Èkó: ìyá Ẹ̀gbọ́n Táyé. Ìyá Ìbejì ni gbogbo Mushin ń pè é. Ilé àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ kọ́ ló ń gbé. Alhaja ni, kì í fi ìrun ṣeré, ṣùgbọ́n bí oṣù kan bá ń parí lọ, á se ẹ̀wà ìbejì sínú ìkòkò ńlá, á pe àwọn ọmọ àdúgbò kí wọ́n wá jẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i bí a ṣe ń kí àgbà nílé wa. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Irú ohùn tí ìyá ìyá mi ń fọ̀ nìyí. Tún kí mi, ọmọ mi." Ẹ̀yin èèyàn mi, mo sunkún. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ lọ́jọ́ ìsinmi. Á di irun mi, á bi mí nípa ẹdun, á ní kí n bá òun kí wọn, nítorí ọmọ òun ni wọ́n. Mo sọ fún bàbá mi lórí fóònù pé mo ti ní ìyá ní Èkó. Ó ní, "Ṣé o rí i? Ilé ìbejì ni."

Lọ́jọ́ kan, láàárọ̀, mo gbé ewé wọlé, mo rí abo ẹdun tó jókòó gbágbáágbá, kò dìde bó ṣe máa ń dìde. Nǹkan funfun kan lẹ̀ mọ́ ọn láyà. Mo kọ́kọ́ rò pé òwú ni. Òwú náà yíjú, ó wò mí. Funfun báláú ni wọ́n máa ń bí ọmọ ẹdun, kó tó di dúdú bí ó bá ń dàgbà. Mo pariwo! Mo sáré jáde, mo tún sáré padà. Mo pe bàbá mi.

"Bàbá, a ti bímọ o!"

"Ìwọ kẹ̀?"

"Ẹdun ni, Bàbá!"

Mo gbọ́ tó ń ké sí àwọn èèyàn. Mo gbọ́ ìyá mi tó ń kí mi kú ewu ọmọ bí ẹni pé èmi ni mo rọbí. Bàbá mi ní kí n sún fóònù mọ́ ọn kóun gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò sọ nǹkan kan, ọyàn ló ń mu. Lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn ọdẹ jó.

Ẹ̀gbọ́n Táyé pè mí lọ́tọ̀. Ó ní, "Gbọ́, àbúrò. Má gbé e. Má sọ ọ́ lórúkọ. Má bá a ṣeré. Ẹranko tó bá fẹ́ràn èèyàn, tó bá dé inú igbó, ńṣe ló máa rìn lọ bá ẹni tó gbé ìbọn. Ṣé o fẹ́ pa á ni?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Bí mo ṣe dá wà tó nílẹ̀ àjèjì yìí, bí ọmọ náà bá na ọwọ́ sí mi láàárín wáyà, ńṣe ni màá kọ ẹ̀yìn sí i. Á máa ké, èmi náà á máa sunkún, mi ò ní yíjú. Lọ́jọ́ kan, ó fi etí òsì kọ́ wáyà, ó ya díẹ̀. Mo fi oògùn sí i, mo sì tún kọ ẹ̀yìn sí i. Nítorí igbó ni. Nítorí bàbá mi ni.

Nígbà tó di dúdú, tó ń dá ewé jẹ, Ẹ̀gbọ́n Táyé gbé e lọ. Ó ní wọ́n fẹ́ kọ́ ọ ní igi gígùn nínú igbó kan lápá Oǹdó kó tó délé. Ó ń fi fídíò hàn mí, ẹdun lórí igi gíga. "Wo ọmọ ẹ," á ní. Mo ń wò ó, mo ń dúpẹ́. Bí mo bá pe ilé, bàbá mi á ní, "Ṣé wọ́n ti ń bọ̀?" Màá ní, "Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bọ̀." Ó ní àwọn ọdẹ ti ń béèrè, pé ebi ń pa wọ́n, ṣùgbọ́n òun ti rọ̀ wọ́n. Abo náà tún bí òmíràn, funfun bíi ti àkọ́kọ́. A tún yọ̀.

Àfi lọ́jọ́ Sátidé kan. Ewé ọdán ti ń tán níbi tí mo mọ̀, mo wá rí igi ọdán ńlá kan nínú ọgbà ilé olówó kan ní Surulere kan náà, kò jìnnà sí wa. Mo bẹ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì. Ó ní kí n wọlé, kí n yára, nítorí wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ. Mo gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ọmọ kún ibẹ̀, orin ń lọ. Lábẹ́ agboòrùn kan, ayàwòrán kan ń ya àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kàn á gbé ẹranko kan lé itan, á rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wọ gáùn pupa fún un. Wọ́n de páńpásì mọ́ ọn nídìí. Ṣéènì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọmọbìnrin kékeré kan ń fi kéèkì sí i lẹ́nu.

Mi ò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí n má purọ́. Òun ló dá mi mọ̀. Àbí ewé èjìká mi ló dá mọ̀, mi ò lè sọ. Ó fò kúrò lórí itan ọmọ náà, ó fa ṣéènì títí dé ibi tó gùn dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó na ọwọ́ méjèèjì. Mo sún mọ́ ọn. Ó já ewé gbà, ó ń rún un bí ẹni tí ebi ti ń pa látọjọ́ tó pẹ́. Mo wo etí òsì rẹ̀, ó ya. Mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó le gbagidi, ó wú bí ìlù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá fọwọ́ kàn án nìyẹn láìkọ ẹ̀yìn sí i.

Mo ní, "Ẹ má fún un ní kéèkì mọ́! Ẹ máa pa á!"

Ayàwòrán náà rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ó fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ó tún máa ń mu mirinda."

"Níbo lẹ ti rí i?"

"Àwọn onílé ló ni ín. Ọ̀gá kan tó ní zoo níbí ló tà á fún wọn. Ẹ̀gbọ́n Táyé. Ṣé ẹ fẹ́ rà ni? Wọ́n ní òmíràn ti wà nílẹ̀."

Mo bẹ ìyá ilé náà pé kó jẹ́ kí n gbé e lọ. Ó ní, "Ìwọ ta ni?" Mo ní èmi ni mo tọ́jú rẹ̀. Ó ní, "O kú iṣẹ́," ó sì ní kí ẹ̀ṣọ́ mú mi jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀ṣọ́ kan náà sọ fún mi pé ó ti kú, pé òun ni wọ́n ní kó gbẹ́ ilẹ̀ sin ín sẹ́yìn ilé.

Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Táyé kọ́ ni mo kọ́kọ́ lọ lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mushin ni mo gbà lọ, ọ̀dọ̀ Ìyá Ìbejì. Mo ń sáré, mo ń sunkún, mo sì ń rò ó lọ́nà pé yóò ká ọwọ́ lérí, yóò gbé gèlè rẹ̀ jù sílẹ̀, yóò pe ọmọ rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè. Ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Mo wó lulẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo ní, "Màmá, Ẹ̀gbọ́n ti ta ẹdun. Ó tà á!"

Ọwọ́ rẹ̀ ò dúró lórí ẹ̀wà. Ó ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa.

"Mo mọ̀," ó tún wí. "Dìde nílẹ̀. Kí la fẹ́ ṣe? Ilé yìí fẹ́ẹ̀ wó. Kẹ́hìndé ò ránṣẹ́ mọ́. A ò pa á. A ò jẹ ẹ́. Èèwọ̀ ìbejì ni kí a pa ẹdun, kí a jẹ ẹ́. Títà kì í ṣe pípa. Mo ti bi alfa kan, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Màmá, kéèkì ni wọ́n fi ń bọ́ ọ! Ó ń kú lọ!"

"Ìyẹn ọwọ́ àwọn tó rà á ni," ló wí. Ó bu ẹ̀wà àná sáwo, ó tì í síwájú mi. "Jẹun. O ò tíì jẹun lónìí, mo mọ ojú ẹ."

Ẹ gbọ́, kí n sọ òótọ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n Táyé dùn mí, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni, oníṣòwò ni, ǹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀ ká ní mo la ojú. Ìyá yìí ló pa mí. Gbogbo ìgbà tó ń di irun mi, tó ń ní kí n bá òun kí àwọn ọmọ òun, ó mọ̀. Mo sọ fún un pé ọmọ ẹdun ń kọ́ igi gígùn lápá Oǹdó, ó ní "Àlùbáríkà," ó mọ̀! Mo fi àwo ẹ̀wà sílẹ̀ níbẹ̀, mo jáde. Ó ń pè mí lẹ́yìn, "Ọmọ mi, ọmọ mi." Mo tẹsẹ̀ mọ́ rìn. Mo ti fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn jù, òun gan-an ni wọ́n fi mú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ẹ̀gbọ́n Táyé dé sí ọgbà pẹ̀lú ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹdun ni wọ́n lọ tààrà. Ìyàwó náà na ìka sí ọmọ funfun tó wà láyà ìyá rẹ̀. "Òun ni. Áà, ó mà wuyì o. Ṣé ó máa funfun báyìí lọ ni?"

Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn wáyà. Mo ní, "Kì í ṣe títà."

Ẹ̀gbọ́n Táyé rẹ́rìn-ín sí wọn, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kí ló dé? Màmá ti sọ fún mi pé o wá ń pariwo."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún bàbá mi pé ẹ ó dá wọn padà."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, ọkàn mi sì ni mo fi sọ ọ́. Ṣé o mọ ohun tí omi àti iná ń jẹ níbí? Kìnnìún yẹn ńkọ́, ṣé ewé lòun náà ń jẹ? A ó ta èyí tó ṣáájú, a ó fi tọ́ èyí tó kẹ́yìn. Èyí tó kẹ́yìn ló máa padà sígbó."

"Ewo ni yóò kẹ́yìn?"

Ó bojú wẹ̀yìn wo àwọn oníbàárà rẹ̀.

Mo ní, "Ìbejì lẹ jẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ò ṣe béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ yín."

Ojú rẹ̀ yí padà. Mo rò pé ìtìjú ni, àṣé ìbínú ni. Ó ní, "Ìyẹn ni ti ẹ̀yin ará oko. Wò ó, ọmọ Kùtọnu, bí iṣẹ́ yìí ò bá wù ọ́ mọ́, wọn ò tíì ti ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Kó ẹrù ẹ. Ṣùgbọ́n mi ò rí ẹni tó máa rìn kiri já ewé fún wọn o. Tó o bá lọ, búrẹ́dì ni wọ́n máa jẹ."

Ó mọ ibi tó ti mú mi. Ó padà lọ bá àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ní kí wọ́n padà wá nígbà tí ọmọ náà bá já lẹ́nu ọmú.

Mo jókòó sórí àpò ewé. Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀, mo tún gbé e. Nígbẹ̀yìn, mo pè é. Bàbá mi ló gbé e fúnra rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí ẹni tó ti ń retí.

"Ṣé wọ́n ti ń bọ̀?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́, mo sọ ti gáùn pupa, mo sọ ti kéèkì, mo sọ ohun tí Ìyá Ìbejì wí. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Nígbà tí mo parí, mo gbọ́ bó ṣe ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀.

"Bàbá?"

"Mo wà níbí." Ó húkọ́. "Àwọn ọdẹ wà níta, wọ́n ní kí n bi ọ́ bóyá á jẹ́ oṣù yìí. Mo máa lọ sọ fún wọn. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀, èmi náà ni màá sọ fún wọn. Wọ́n á padà wọ igbó. Mi ò sì ní ẹnu tí màá fi dá wọn dúró mọ́."

"Ẹ máà bínú, Bàbá."

"Kì í ṣe ìwọ. Fi wọ́n sílẹ̀. Máa bọ̀ nílé lọ́la."

Mo wo inú wáyà. Ìyá wọn ti sọ̀kalẹ̀ wá sítòsí, ó ń retí ewé àárọ̀, ọmọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn láyà. Mo ní, "Bí mo bá wá, Bàbá, ta ni yóò já ewé fún wọn?"

Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá, bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ẹran agbo rẹ̀ tán.

Ó ní, "Àṣé ẹdun mẹ́ta ni mo kó fún un, ìwọ ni ìkẹta."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."